Okùn Kan, Ẹsẹ̀ Méjì

Ní àgọ́ ọmọ ogun tó wà lórí òkè Zardsang, kò sẹ́ni tó ń bá Kambar jẹun. Ọmọ ẹ̀yà Hazara ni, òun nìkan ṣoṣo láàárín ọmọ ogun mọ́kànlélógún, òun náà ló sì ń tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà. Bó bá gbé búrẹ́dì rẹ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n tẹ́ aṣọ oúnjẹ sí, Sájẹ́ǹtì Janbaz, ọmọ ẹ̀yà Pashtun, á lanu.

"Imú pẹlẹbẹ, ibòmíì wà o. Má jẹ̀ẹ́ kí tíì wa kan."

Àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Kambar á gbé ife rẹ̀, á lọ jókòó ti àpò oògùn rẹ̀. Inú ń bí i débi pé ó ń payín keke títí eyín fi ń dùn ún.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀tá dí ọ̀nà àfonífojì pa, nǹkan tún wá burú sí i. Oúnjẹ ò wọlé, oògùn ò wọlé. Kambar tú àpò rẹ̀ wò: báńdéèjì mẹ́rin ló kù, pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo nínú okùn tí wọ́n fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó lọ sọ fún sájẹ́ǹtì.

"Àbí o ti tà á?"

"Ara àwọn èèyàn yín ni mo lò ó sí. Ẹ lọ wò wọ́n."

"Gbọ́ mi dáadáa. Tí ọta bá bà mí, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí. Jẹ́ kí n kú bí ọmọ bàbá mi."

"Mo ti gbọ́, Sájẹ́ǹtì."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, omi tán. Ìsun omi wà nísàlẹ̀, kò ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ sí ògiri àgọ́. Ká sọ òótọ́, Janbaz kì í rán èèyàn lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ. Òun ló ṣíwájú àwọn méjì tó gbé kẹ́ẹ̀gì. Ìbọn dún láti inú oko álímọ́ńdì. Àwọn méjì náà sáré padà, àmọ́ Janbaz ṣubú sáàárín òkúta, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde ní itan rẹ̀.

"Ó ti tán fún un," ni Yoldash, ọmọ ẹ̀yà Uzbek tó ń yin ìbọn ńlá, wí.

Kambar gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ṣé orí ẹ pé? Ẹni tó ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun?"

"Jọ̀ọ́, máa yìnbọn sí oko yẹn fún mi."

Ó sáré. Ọta ń fọ́ òkúta lọ́tùn-ún lósì. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Janbaz, ìyẹn tutọ́ sí i lójú.

"Kúrò lára mi! Ajá!"

"Pa ẹnu ẹ dé!" Kambar fi orúnkún tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó ń wá okùn. Àfi gbàù! Ọta wọ ẹsẹ̀ òun náà, ó fọ́ egungun lábẹ́ orúnkún.

Ẹsẹ̀ méjì ń ṣẹ̀jẹ̀, okùn kan ló wà. Janbaz náà rí i. Kambar wo ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó wo itan sájẹ́ǹtì. Èyí tó wà ní itan ló ń tú bí omi. Ó so okùn náà mọ́ ọn, ó fún un títí ọkùnrin náà fi ké. Ó wá ya aṣọ ọrùn rẹ̀, ó fi igi yí i mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń rá, tó ń wọ́ Janbaz gun òkè, kí Yoldash tó jáde wá gbà wọ́n.

Ọjọ́ kejì ni hẹlikópítà tó dé. Wọ́n gba ẹsẹ̀ Janbaz là. Ti Kambar ti jẹrà, wọ́n gé e lókè orúnkún. Ó kọjú sí ògiri ilé ìwòsàn, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Janbaz fi igi ìtìlẹ̀ rìn wọlé, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Gbogbo ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀, ìwọ ni mò ń rò. Mo kórìíra ẹ, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ kórìíra mi. Ẹsẹ̀ yẹn ò tíì le."

Janbaz ò jókòó. Kò sì lọ. Ó dúró síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wá lé e jáde.