Obìnrin Tó Dúró Láàárín Lékèélékèé

Ní ọdún 1986, nígbà tí Mùkáílà ti Èkó wálé fún ọdún iléyá, kámẹ́rà kékeré kan ló mú bọ̀ fún Ràhámọ̀tù, ìyàwó rẹ̀. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Olùkọ́ ni Ràhámọ̀tù ní Ìwó. Láti ọjọ́ náà, kò lọ síbi kan mọ́ kó má gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Àwọn ẹlòmíràn a máa ya ìkómọ àti ìgbéyàwó. Òdòdó ni tirẹ̀, ẹyẹ ni, àti àwọn tó ń ṣeré lọ sétí odò Àíbà lọ́jọ́ ìsinmi.

Lydia, tí wọ́n jọ ń kọ́ni, a máa fi í rẹ́rìn-ín. "Ràhámọ̀tù, fíìmù mà wọ́n o! Ṣé ẹyẹ ni yóò wá gba fótò lọ́wọ́ rẹ ni?"

Ìyá Mùkáílà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Kútà ni, Ìyá Kútà sì ni gbogbo agboolé ń pè é. Nígbà ọyẹ́, ó yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga. Olùtọ́jú egungun ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, egungun so, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbà á jìnnà mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Kútà ló máa ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, tó ń gbóòórùn ilẹ̀ tútù.

"Ìyàwó," ló wí, "ṣé àwọn òdòdó funfun etí odò wa á ti yọ báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín wò ó, Ìyá."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ràhámọ̀tù wọkọ̀ lọ sí Kútà. Ó ya ẹnu ọ̀nà agboolé, ó ya igi irúgbá tí òdòdó rẹ̀ pọ́n tó sì ń mì dirodiro. Àwọn òdòdó funfun ti yọ lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yà wọ́n. Lójijì ló rí agbo lékèélékèé létí omi. Bó ṣe ń sún mọ́ wọn, gbogbo wọn gbéra fò, ó sì yára tẹ kámẹ́rà láìwò ó dáadáa.

Nígbà tí wọ́n fọ fótò náà tán ní Ìbàdàn, ó tẹ́ wọn sórí itan Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dárúkọ igi. Nígbà tó kan ti ẹyẹ, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta nìyí?"

"Ẹyẹ ni mo ń yà o, Ìyá. N ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀."

Obìnrin kan ló dúró sétí omi, tó kẹ̀yìn sí wọn. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì ti orúnkún, ó sì fara ti ọ̀pá.

Ìyá fi ìka kàn án. "Fàtímọ̀ ni."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Fàtímọ̀. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró, débi pé Lékèélékèé ni àwọn ìyá wọn ń pè é. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kùmásí. Nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Gáná, àwọn ará ilé ń dé, òun kò dé. Àwọn kan ní ó ti kú sọ́nà.

"Ìyá, ẹlòmíràn lè dúró bẹ́ẹ̀ náà."

"Mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀," ni Ìyá wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ràhámọ̀tù tún padà lọ sí Kútà tòun ti fótò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi júwe ilé fún un. Ó bá ìyá arúgbó kan tó ń bẹ gbágùúdá, ó kúnlẹ̀, ó sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Fàtímọ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ó wà ní Ìwó," ló wí. "Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi. Ọkọ mi kú sọ́hùn-ún, ọwọ́ òfo ni mo bọ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí. Kí ni mo fẹ́ gbé dání lọ kí i?"

"Ìyá, wọn ò rán mi wá gbẹrù. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n mú wá."

Nígbà tí wọ́n dé Ìwó, Ìyá Kútà fẹ́ dìde. Fàtímọ̀ sáré sí i. "Jókòó, má ṣubú!"

"Ìwọ obìnrin yìí," ni Ìyá Kútà wí, ó dì mọ́ ọn, "ta ló béèrè ẹrù Kùmásí lọ́wọ́ rẹ? Ṣebí ojú rẹ ni mo ń wá." Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún.

Fàtímọ̀ kò tètè padà sí Kútà. Láràárọ̀, ó máa ń fi òrí ra ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì mú un lọ́wọ́, wọn a rìn díẹ̀díẹ̀ dé ìdí máńgòrò. Kí àgbàdo tó gbó, Ìyá Kútà ti ń fi ọ̀pá nìkan rìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe Ràhámọ̀tù wọlé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ṣàdúrà fún un títí, Fàtímọ̀ ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ràhámọ̀tù bú sẹ́kún. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tí Ìyá fi rọra gbá a léjìká.

"Ó tó, dìde ńlẹ̀. Ọbẹ̀ rẹ ń jóná."