Kéèkì Tí Ìyàwó Tì Mọ́ Yàrá

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìdáná wọn, fíríìjì ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un bí nǹkan ṣe rí láàárín àwọn méjèèjì. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kan wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Apá ọ̀tún jẹ́ ti Ìyá Kúùkù, tó ni ilé. Apá òsì jẹ́ ti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ọjọ́ márùn-ún ló ń lò lójú ọ̀nà, ọjọ́ méjì nílé, oorun ló sì ń fi ọjọ́ méjèèjì sùn, nítorí ẹni tó bá lajú nínú ilé yẹn, dandan ni kí wọ́n fi ṣe adájọ́.

Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti jọ ń gbé. Kí n má purọ́, n kò mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà gan-an. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni. Èyí tí mo mọ̀ ni pé Ìyá Kúùkù fi ọgbọ̀n ọdún dáná fún àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Bí Ìyàwó bá ń fọ ìkòkò, á dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá gbálẹ̀ tán, á tún ibẹ̀ gbá. Ìyàwó náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rí fín. Ó ti rí ibi tí yóò máa gún ìyá ọkọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́: ó gbọ́ fìrìfìrì pé wọn kò fi ọ̀wọ̀ yọ̀ǹda màmá náà níbi iṣẹ́, pé ṣe ni wọ́n ní kó máa lọ. Nítorí náà, bí Ìyá bá ti sọ̀rọ̀ jù, á rọra bi í pé, "Màámi, kí ló dé gan-an tí ẹ fi kúrò ní ilé-ìwé yẹn?" Ìyá á sì pa lọ́lọ́ bí iná tí wọ́n da omi sí.

Kéèkì ni Ìyàwó ń ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ìyá pàápàá kò jiyàn, imú ló kàn ń yín sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, mánéjà obìnrin kan láti ilé ìtura tó wà lódìkejì títì ránṣẹ́ sí i. Ó ní ẹni tó ń ṣe kéèkì fún àwọn ti fiṣẹ́ sílẹ̀, òun yóò yà ní ọ̀sán Ọjọ́rú láti tọ́ kéèkì oní-kírímù kan wò. Bó bá dára, Ìyàwó ni yóò máa ṣe é fún wọn, wọn yóò sì fún Ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ ní ilé kékeré kan lẹ́yìn ọgbà, kó lè wà nítòsí iṣẹ́.

Ilé o. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìyàwó fẹ́ ilé náà bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún fẹ́ ẹ jù ú lọ, Ìyá Kúùkù sì ni. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti tún ilé ìdáná rẹ̀ tò, òun nìkan ló sì ń dáná níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyàwó yan kéèkì náà, ó jẹ́ kó tutù, ó lu kírímù, ó fi sí àárín, ó sì fi bo orí rẹ̀. Ó wuyì lójú. Ó ṣí fíríìjì. Ẹja yíyan Ìyá wà lápá ọ̀tún láìní ìdérí, àlùbọ́sà gígé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mọ̀ pé kírímù máa ń fa òórùn mọ́ra. Ó tún ro ohun mìíràn tí kò ṣeé sọ síta: pé bí òun bá gbé e síbẹ̀, màámi á da ọbẹ̀ sí i, á ní ọwọ́ ló yọ̀. Ló bá gbé kéèkì sínú ike onídèérí, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

Aago mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìyá rí i tó gbé e kọjá, ó rò pé ó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ni. Ó di aago mọ́kànlá, kò gbé e jáde. Ó di ọ̀sán, oòrùn ń yan páànù orí ilé bí ẹni ń yan ẹ̀pà, apá yàrá Ìyàwó ló sì dojú kọ. Ìyá lọ béèrè bóyá kéèkì ṣì wà nínú lọ́hùn-ún. Ìyàwó ní kí ló kàn wọ́n. Ìyá ní kírímù kì í gbé inú ooru. Ìyàwó ní kì í gbé inú òórùn ẹja náà.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà títí di aago mẹ́ta. N kò ní tún gbogbo èébú náà sọ. Ìyá pè é ní olórí kunkun. Ìyàwó ní orí kunkun lòun fi ń gbé ilé yìí láìya wèrè. Ìyá ní wèrè ọ̀hún kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lójijì ni Ìyá kẹ́yìn sí i, ó wọ ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì jáde. Ó gbé ẹja lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn ológbò àdúgbò kò sì dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ inú fíríìjì náà, ìlà ṣọ́ọ̀kì bá omi lọ. Ó nù ún gbẹ. Ó wá pe Ìyàwó.

"Má rò pé mo fẹ́ràn rẹ," ó ní. "N kò fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn fún ọ nílé, kí o kó ẹrù rẹ, kí n ráyè mí. Nítorí náà, kéèkì mìíràn lo máa ṣe, ibí lo sì máa gbé e sí. Èyí tó wà ní yàrá ti bàjẹ́."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín kíkorò. Ó ní òun ti rí ète wọn báyìí, kí òun da kéèkì nù, kí mánéjà wá bá ọwọ́ òfìfo. Ó lọ gbé ike náà jáde, ó ṣí i. Kírímù funfun nini, kò rùn rárá. Ó mú ṣíbí, ó ní òun yóò jẹ ẹ́ níṣojú wọn kí ojú lè tì wọ́n.

Ìyá já ṣíbí náà gbà. "Èyí tó ṣe mí ní jàǹbá ní ilé-ìwé kò rùn náà."

Ó wá sọ ọ́ lórí ìdúró, kò wo ojú Ìyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n ń dágbére fún àwọn ọmọ tó ń jáde ni. Fíríìjì kún, ó gbé kéèkì oní-kírímù ńlá sí yàrá oúnjẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó tọ́ ọ wò kó tó gbé e jáde, ó dùn. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn kó tó lè jókòó. Kò sẹ́ni tó kú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná sílẹ̀.

"Ohun tí o ti ń bi mí láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ìyàwó gbé kéèkì lọ sí ààtàn, ó ha gbogbo rẹ̀ dànù. Kò dúpẹ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ó fọwọ́, ó kó ẹyin jáde.

Ìyá gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó tì í bí ẹ̀ṣọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ títí kéèkì fi jinná. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kéèkì ló kà fún un, èyí tó ní kírímù àti èyí tí kò ní. Nígbà tí Ìyàwó fẹ́ dé e, ó ní kó mú ìdérí kúrò, pé bí kéèkì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á làágùn lábẹ́ ìdérí, èébu á sì bá a. Ó ní kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án ná. Ìyàwó ní òun mọ̀ pé òun lọ́wọ́.

"Lò ó nígbà náà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kéèkì kejì ti wà nínú fíríìjì, nínú ike tó dé pinpin.

Mánéjà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó jẹ ègé kan, ó tún gé ìkejì. Ó wá ju ṣíbí sílẹ̀, ó ní àwọn àlejò kan máa ń rà á lọ sílé, bí inú bá sì run ẹnì kan ṣoṣo, orúkọ ilé ìtura ló bàjẹ́. Kí ni Ìyàwó máa sọ fún wọn?

Ìyàwó ní oní-kírímù kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, bí ooru bá mú, wákàtí kan. Kó wọ fíríìjì nínú ike tó dé dáadáa, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí kò ní kírímù, kó wà nínú ike lórí tábìlì, níbi tó tutù. Fíríìjì á mú kó gbẹ ni. Kí wọ́n lẹ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Èyí tó bá sì ti pẹ́ níta, kí wọ́n dà á nù, bí kò tilẹ̀ rùn, nítorí imú kò lè mọ̀ ọ́n.

Mánéjà mi orí. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

"Èmi ni mo kọ́ ara mi, Mà."

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni Ìyá Kúùkù wà. Ó gbọ́ ọ. Ó ti lanu tán kó tó rántí ilé kékeré ẹ̀yìn ọgbà yẹn, ló bá tún un pa dé.

Mánéjà gbà fún Ìyàwó, ó sì lọ. Ìyá jáde síta.

"Ìgbà wo lẹ máa kó?"

"Wọ́n ní òpin oṣù ni ilé máa ṣófo."

Ìyá ka ọjọ́ lórí ìka. "Ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ti jìnnà jù."

"Ó jìnnà lójú tèmi náà, Màámi," Ìyàwó ní, ó sì kó àwo lọ fọ̀.