Àlejò Dé, Ọ̀dà Ò Tíì Gbẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Kareemat dúró lórí àpótí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ògiri pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ṣágámù, ni fóònù bá dún nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ẹbí Kàbírù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń bọ̀ láti Àbújá wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Gbogbo àga ti wà níta. Kápẹ́ẹ̀tì wà lórí okùn aṣọ, eruku rẹ̀ ń fò lọ sí ilé aládùúgbò. Ìyá Kareemat jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ àwọn abọ́ tí wọn kì í gbé jáde àfi bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀.

“Ọmọ mi,” ohùn obìnrin kan wí lórí fóònù, “èmi ni o, ìyá Kàbírù. Mo ti dé Ṣágámù yín. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé ara wọn yìí ni wọ́n já mi sí.”

Díẹ̀ ló kù kí Kareemat ré bọ́ lórí àpótí.

Àlàájà Hàmdálátù ni ìyá Kàbírù. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Àbújá ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kareemat kò tíì fojú kàn án rí. Nínú fọ́tò nìkan ló mọ̀ ọ́n, nínú gbogbo fọ́tò náà, Àlàájà kò fi eyín kan ṣoṣo hàn. Obìnrin náà ti kọ́kọ́ wá kí àbúrò rẹ̀ ní Èkó, ibẹ̀ ló sì yẹ kó sùn di ọjọ́ Àìkú kó tó pàdé àwọn yòókù. Ó ní ara òun kò gbà á, òun fẹ́ wá rí ìyàwó òun.

Nígbà tí Kareemat sọ fún ìyá rẹ̀, abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

“Èwo là ń wí yìí? Ṣé kì í ṣe ọ̀la la jọ sọ ni?”

“Ọ̀la ni, Màmi.”

“Ó dáa. Sáré lọ pàdé wọn. Ṣùgbọ́n tí o bá mú wọn wọlé yìí kí oòrùn tó wọ̀, èmi pẹ̀lú ẹ ni! Ibo ni ìyá ọkọ ẹ máa jókòó sí? Orí garawa ọ̀dà?”

“Kí n wá mú wọn lọ síbo?”

“Mú wọn wo ìlú. Ṣebí ohun tí wọ́n ń ṣe fún àlejò nìyẹn. Àbí a ò ní nǹkan kan ní Ṣágámù ni?”

Ohun tí Kareemat ń bi ara rẹ̀ nìyẹn bó ṣe ń fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì bó ọwọ́. Òótọ́ ni pé Ṣágámù ni olú ìlú Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n ìlú tí gbogbo ayé ń gbà kọjá ni. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn gba ibẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú gba ibẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Bìní gba ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ pé òun wá wò ó. Kí lèèyàn fẹ́ fi han ẹni tó ń gbé Àbújá, níbi tí àpáta gàgàrà wà, tí mọ́sáláṣí sì ń dán bíi wúrà? Táyà?

Ọ̀rọ̀ táyà yìí ló wá ń dùn ún jù. Táyà ọkọ̀ àjàgbé ni Kareemat ń tà. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó dolóògbé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkóríta ńlá náà gan-an, ó sì ti sọ ọ́ di ibi tí àwọn awakọ̀ láti Kánò dé Ọ̀rẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ ni Kàbírù ti pàdé rẹ̀, lọ́jọ́ tí táyà bẹ́ mọ́ ọn nídìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kàbírù ń ròyìn rẹ̀ nílé, ohun tó sọ ni pé, “Ó ń ṣòwò.” Àlàájà sì gbà pé aṣọ ni.

Kareemat pe Jùwọ́n, awakọ̀ márúwá kan tó máa ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n bá Àlàájà lábẹ́ agboòrùn pupa, ó dúró ti báàgì rẹ̀, ó ń wo àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń yí bírí lórí afárá. Ṣọ́ọ̀bù táyà kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Kareemat fa ìborùn rẹ̀ síwájú, ó kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ẹ káàbọ̀.”

“Káre, ọmọ mi. Dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. Àwọn òbí ẹ ńkọ́?”

“Dáadáa ni wọ́n wà. Wọ́n ní… wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú yín wo ìlú.”

Àlàájà wo ojú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀.

“Ìlú la máa wò nígbà náà,” ló wí, ó sì wọ márúwá.

Wọ́n gba àárín ìlú lọ. Kareemat ń wá ohun tó máa sọ. Jùwọ́n ló gbà á sílẹ̀.

“Àlàájà, ṣé ẹ mọ̀ pé ibi tí ẹ wà yìí kì í ṣe ìlú kan? Ìlú mẹ́tàlá ló wà ńbí. Ogun ló kó àwọn bàbá wa jọ láyé àtijọ́, oníkálukú gbé orúkọ ìlú tirẹ̀ dání, wọ́n wá tẹ̀dó síbì kan. Màkún la wà báyìí.” Ó yí ìdarí díẹ̀, ó kọjá gọ́tà kan. “Ẹ ti kúrò ní Màkún. Ọ̀fin rèé.”

“Nígbà wo la kúrò?”

“Ní gọ́tà yẹn.”

“Gọ́tà wo? Dúró! Dúró ná!”

Jùwọ́n tẹ bíréèkì. Àlàájà bọ́ sílẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ kan sí òdì kejì gọ́tà, ó fi èkejì sí ìhín. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń rìn lórí okùn.

“Kareemat, yà mí! Mo wà ní ìlú méjì! Ní Àbújá, láti àdúgbò kan sí èkejì, wàá sun oorun kan nínú ọkọ̀.”

Obìnrin kan tó ń dín àkàrà nítòsí kígbe pé, “Ìyá, ẹ rọra o, kí ẹ má bàa já sí ìlú kẹta!” Ni Àlàájà bá bú sẹ́rìn-ín. Kareemat tó gbé fóònù sókè rí i pé eyín iwájú obìnrin náà ní àlàfo tó rẹwà gan-an, tó dà bíi ti Kàbírù gẹ́lẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Láti ibẹ̀, wọ́n gba Sábó lọ, níbi tí òwò obì gbànja ti ń lọ. Agbọ̀n obì tò bíi òkìtì. Àwọn obìnrin jókòó yípo, wọ́n ń bó obì, wọ́n ń ṣà á, àwọn ọkùnrin sì ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kó má bàa gbẹ lójú ọ̀nà Òkè Ọya. Àlàájà gbọ́ tí bàbá Haúsá kan ń dá iye lé obì, ó sì fi Haúsá dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Bàbá náà yíjú padà. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kareemat kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí i tí bàbá náà ń pàtẹ́wọ́, tó ń ju orí, tó wá bu obì sínú ìborùn Àlàájà láìgba nǹkan kan.

“Ó ní ọmọ ọ̀dọ́ lòun nígbà tí òun kọ́kọ́ dé bí,” Àlàájà wí. “Ó ní òun ti bí ọmọ síbí, òun ti rí ọmọ ọmọ síbí, Rẹ́mọ ni wọ́n sì fi ń pe òun bí òun bá délé. Gbogbo obì tí mo ń rí tí wọ́n ń tà ní Àbújá, èmi ò mọ̀ pé ibí ló ti ń wá o.”

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni awakọ̀ kan ti yọ orí láti inú ọkọ̀ tí wọ́n ń kó obì sí.

“Ìyá Táyà! Ìyá Táyà, ìyàwó wa! Èyí tí mo rà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn ò já mi kulẹ̀ o!”

Kareemat ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọkùnrin náà tún fi fèrè ọkọ̀ pè é. Gbogbo Sábó wò ó.

“Ta ló ń jẹ́ Ìyá Táyà?” Àlàájà béèrè.

Kareemat wolẹ̀, ó ní, “Èmi ni, Màmá. Táyà ni mò ń tà, táyà ọkọ̀ ńlá. Aṣọ kọ́. Ẹ sì má bínú, ilé la ń kùn lọ́wọ́, òun ni wọ́n ṣe ní kí n mú yín rìn káàkiri. Àga ò sí nínú ilé.”

Èjìká Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Ọ̀dà yẹn, mo ti rí i ní èékánná ẹ láti ìkóríta. Ó wà létí ẹ náà. Ṣé ẹ rò pé imú mi ti kú ni? Èmi ni mo ṣẹ̀, èmi tí mo dé ṣáájú ọjọ́. Ṣùgbọ́n táyà! Kàbírù ò sọ ìyẹn fún mi. Ó yá, mú mi lọ síbẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Àlàájà fọwọ́ ra àwọn táyà náà bí ẹni tó ń ra ẹṣin. Òmíràn ga dé àyà rẹ̀. Kí wọ́n tó jókòó, awakọ̀ kan ti yí táyà àlòkù kan dé, ó ní kí Kareemat bá òun wò ó bóyá yóò gbé òun dé Bìní. Kareemat bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara táyà náà, ó fi irin gbá a, ó tẹ́tí.

“Ẹ̀gbọ́n, táyà yìí ti là nínú. Ẹ má gbé e gun títì. Ìyàwó yín ń retí yín.”

Ọkùnrin náà jiyàn díẹ̀, ó sì gbà. Àlàájà ń wò ó títí ọkùnrin náà fi yí táyà rẹ̀ lọ.

“Èmi rò pé lééṣì lò ń tà,” ló wí. “Lééṣì kọ́ ló máa gbé èèyàn délé láyọ̀.” Ó ní kí Jùwọ́n to táyà mẹ́ta léra, ó gun orí rẹ̀, ó gúnwà bí ọba, ó ní kí Kareemat dúró ti òun, kí wọ́n yà àwọn méjèèjì. “Kí ló tún kù? Má tíì mú mi relé o. Ojúmọ́ ṣì wà.”

“Ó ku Ilé Òkun,” ni Jùwọ́n wí.

Kareemat ti gbàgbé Ilé Òkun. Ọmọ kékeré ló wà nígbà tó débẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá Dúrótìmí ló ni ín, ọkùnrin kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa katakátá níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Gbogbo ohun tí katakátá rẹ̀ hú tó jọ ọ́ lójú ló ń kó wálé: ìkarahun tó ti di òkúta, akàn òkúta, eyín ẹja òkúta. Ó wá fi wọ́n sínú sìmẹ́ńtì, ó fi mọ odi, ó fi tẹ́ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, títí ilé náà fi rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Bàbá náà fi Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ kí wọn, Kareemat ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún Àlàájà. Lẹ́yìn náà ló bu omi sí ike, ó dà á sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí omi náà ṣe ń tàn, àwọn ìkarahun náà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà ara wọn ń dán, àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Òkun ló wà níbí rí,” bàbá wí. “Kó tó di pé ẹnikẹ́ni wà. Òun ló fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ lọ.”

Àlàájà bọ́ bàtà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó fẹsẹ̀ lásán rìn wọ inú omi náà, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́.

“Ìlọrin ni wọ́n bí mi, Àbújá ni mò ń gbé,” ló wí. “Èmi kò gbé etí òkun rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo wá dúró sí yìí, Bàbá?”

“Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an.”

“Omi ò sì mù mí!”

Ó di ọwọ́ Kareemat mú, ó fà á mọ́ra, Kareemat náà bọ́ bàtà, àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá akàn. Bàbá Dúrótìmí ń bu omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni Àlàájà ti pe ọkọ rẹ̀.

“Alàájì, látọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wá sí Àbújá, kí lẹ ti fi hàn mí? Ọ́fíìsì yín! Ìyàwó Kàbírù ti mú mi dé ìlú mélòó kan lónìí, ó sì ti mú mi dé ìsàlẹ̀ òkun… Rárá o, ara mi dá. Ẹ ṣáà tètè máa bọ̀.”

Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó délé. Ìyá Kareemat ti wọ aṣọ àlejò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kún fún àforíjì. Àlàájà dì mọ́ ọn kí ó tó lanu. Ìta ni wọ́n ti jẹun, lórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú obì Sábó láàárín, ó sì pẹ́ kí ẹ̀rín tó dá.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Àga ti tò, oúnjẹ ti jinná, àwọn àgbà ẹbí Kareemat ti jókòó, ẹni tí yóò ṣe alága sì ti tún ọ̀fun ṣe. Wọ́n retí, wọ́n retí. Àwọn ará Àbújá kò yọjú, Àlàájà tó jáde láàárọ̀ lọ pàdé wọn ní ìkóríta kò sì tíì padà. Bàbá Kareemat bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bo oúnjẹ padà. Kareemat pe Kàbírù, kò gbé e.

Ìgbà náà ni Jùwọ́n já wọlé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ní Ọ̀fin. Àlàájà ló ń ṣíwájú, ó ń fi agboòrùn nàka, gbogbo ẹbí ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ya fọ́tò. Ó ní kí ẹ máa jẹun, ó ku ìlú mẹ́sàn-án.”