Ilé Tí Kì Í Peni Jẹun

Lọ́dún tí wọ́n ń to irin rélùwéè kọjá ní agbègbè Akínyẹlé, bí o bá fẹ́ bú ẹni tó háwọ́, wàá ní, "Ahun bí ará ilé Ògúnsanwó." Ta ni kì í sọ fún ẹni tó bá a nídìí oúnjẹ pé kó wá jẹun? Ilé Ògúnsanwó ni. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun tí aráyé ò mọ̀ ni pé ìkookò ni wọ́n. Awọ ìkookò mẹ́ta wà lórí àjà wọn. Bí ọkùnrin ilé náà bá gbé e wọ̀, á hu èékánná, á hu eyín. Àwọn amùjẹ̀ ni wọ́n fi ń lé, àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ lébìrà ojú irin bí ẹni fa omi àgbọn. Amùjẹ̀ kì í rìn lóòrùn, kò sì lè wọ ilé onílé, àfi bí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ pè é wá jẹun.

"Ẹni tó bá peni jẹun nínú ilé yìí," Ògúnsanwó máa ń wí, "kó má pè mí ní bàbá mọ́."

Títíladé, àbíkẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í gba àṣẹ bàbá. Múyì ti gba tirẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin amùjẹ̀ ni, tó máa ń dúró lẹ́yìn ọgbà ewúro nírọ̀lẹ́ nínú agbádá àrán dúdú. Ọ̀ṣunbíyìí, àbúrò bàbá Múyì lóbìnrin, ló bù ú jẹ lọ́dún tó kọjá tó fi di ọ̀kan nínú wọn. Láti ọjọ́ tí Títíladé ti rí i, kò lè jókòó pẹ́. Á gbálẹ̀ tán, á tún un gbá, ojú rẹ̀ á sì wà lára ọgbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó na àgbàdo sí i.

"Iyọ̀ wà nínú ẹ̀?" Múyì bi í.

"Ṣé àgbàdo tí mo sè máa ń tẹ́ ni?"

Múyì fà sẹ́yìn. "Iyọ̀ ló ń pa wá, Títí. Bí wọ́n bá pè wá jẹun, tí a sì wọlé, òfin ni pé ká kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ náà ká tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣu sísun tàbí èso là ń retí. Àwọn àgbà wa ò ní ẹ̀jẹ̀ tiwọn mọ́. Tí wọ́n bá tọ́ iyọ̀ wò, eérú ni wọ́n ń dà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Bóyá ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ṣì kù díẹ̀ lára mi. N ò mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà, òjò ṣú lọ́sàn-án gangan débi pé adìyẹ wọ ilé lọ sùn. Múyì sáré dé ẹ̀bá ọgbà. "Títí, wọ́n ń bọ̀! Sọ fún bàbá ẹ!"

Títíladé kígbe sínú ilé. Ògúnsanwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì já awọ lórí àjà. Dàda, ẹ̀gbọ́n Títíladé, ń gbé tirẹ̀ wọ̀, ó sì ṣẹ́jú sí i. "Jẹ́ kí n rí ọkọ ẹ tó ń wọ àrán nínú òjò. Á mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń wọ àrán!"

Wọ́n fò síta. Àwọn amùjẹ̀ já bọ́ láti orí igi ìrókò, agbádá wọn tẹ́ bí ìyẹ́ àṣá, idà ń kọ mànà. Ìkookò gbé wọn lọ́fun, wọ́n yí mọ́ra nínú ẹrẹ̀. Dàda ju ọ̀kan lu ògiri, ògiri là. Ṣùgbọ́n àwọn amùjẹ̀ pọ̀. Wọ́n ká bàbá mọ́ ẹsẹ̀ igi. Ọ̀ṣunbíyìí sì rí Múyì, ó ti idà bọ̀ ọ́ níhà.

"Ọ̀dàlẹ̀! Mo fún ọ láyé àìkú, o wá ń ṣe alárinà ajá!"

Múyì ṣubú sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Títíladé wò ó. Bí kò bá pè é, ó kú nìyẹn. Bí ó bá pè é, ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á. Iṣu sísun ọ̀sán wà nínú àwo, epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó da gbogbo iyọ̀ inú kèrègbè sínú epo, ó rò ó títí ojú kò fi rí i mọ́, ó dà á sórí iṣu.

"Múyì, wá jẹun!"

Ìkookò bàbá rẹ̀ hu bí ẹni tí wọ́n gún. Títíladé kò wẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ìyá, ẹ wá jẹun."

Ọ̀ṣunbíyìí wo àwo náà, ó rẹ́rìn-ín. "Iṣu sísun! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni ẹ́." Ó ré Múyì kọjá, ó bu òkèlè, ó gbé e mì kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè dé ọrùn Títíladé. Ọwọ́ náà ò dé ibẹ̀. Eérú ló dà lé ẹní, àrán sì wó lé e lórí. Àwọn tó kù rí i láti ìta, wọ́n sá wọgbó.

Múyì rá kòrò wọlé. Ó mọ ohun tó wà nínú epo náà. "Mo ti wọlé," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo gbọ́dọ̀ jẹ." Ó wo ojú Títíladé, ó jẹ iṣu náà.

Ara rẹ̀ gbọ̀n. Títíladé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi àmù. Òjò dá. Ògúnsanwó bọ́ awọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ń kán létí rẹ̀. Oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títí ó fi gun ọwọ́ Múyì. Títíladé di ojú.

"Títí." Múyì ló pè é. "Iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù."

Ọwọ́ tó dì mú ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ògúnsanwó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwo. Ó fi ẹsẹ̀ gbá eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó. "Ṣé n ò ní jẹ nínú ẹ̀ ni?"

"Ẹ wá jẹun, bàbá," ni Títíladé wí. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà níta, níbi tí ewé ti ń mì nínú igbó tí àwọn amùjẹ̀ sá sí, láìsí atẹ́gùn, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì ń wá kèrègbè iyọ̀ tó ti ṣófo.