Abẹ́rẹ́ Méjì Inú Ilé Bàbá Aláago

Abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì, kí Bàbá Aláago tó lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́! Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ apoògùn ló ṣòfin yìí nítorí àrùn tó gbòde, ọmọbìnrin náà kì í sì í fi òfin ṣeré. Bàbá ti gba ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ìkejì pé, aago mẹ́jọ kò tíì lù tó ti dé ilé ìwòsàn, tòun taṣọ tó lọ̀ tó dán. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a gbé agboòrùn. Ẹni tó fi ogójì ọdún tún aago ṣe, ṣé ó máa pẹ́ ni?

Nọ́ọ̀sì yẹ káàdì rẹ̀ wò, ó mirí. "Ẹ má bínú, Bàbá. Oògùn ò tó. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìkejì tiyín di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí i."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kẹ̀! Ọmọ á ti máa rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíì! Ta lẹ fẹ́ fún ní tèmi?"

"Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, tí ò tíì gba ìkankan." Nọ́ọ̀sì na ọrùn. "Màmá tó mú agboòrùn yẹn ńkọ́?"

Màmá ti lé ní ọgọ́ta. Áà! Gbogbo ìgbà tó ń fi apá yangàn kiri àdúgbò, ìyàwó rẹ̀ ò ní abẹ́rẹ́ kan lára! Ojú tì í gan-an ni.

"Ìyá ọmọ mi, máa bọ̀," ó ní, òun fúnra rẹ̀ ló bá a ká apá aṣọ sókè.

Bí wọ́n ṣe jáde, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Abẹ́rẹ́ ti pé méjì o!"

"Ẹ ti gba ìkejì?"

"Ọ̀kan lára mi, ọ̀kan lára ìyá ẹ. Ṣebí ilé kan náà ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí agboòrùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wọn náà ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ti Màmá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára ná. Ìta la máa jókòó, ẹ ó sì bo imú. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ pín abẹ́rẹ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ gbé ọmọ náà. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá a gbé o!"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí wọ́n ṣe fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì iwájú ilé nìyẹn: orí ìkókó lọ́wọ́ Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Màmá.

"Ó ti sùn níbí," Bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò tíì sùn níbí o," Màmá fèsì. "Ó ṣì ń ta mí nípàá."

Bàbá fẹ́ nu omijé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dí.