Sàréè Tó Wà Lẹ́yìn Ààfin

"Ìdílé ọlọ́lá kan ló kọ́ ààfin yìí nígbà tí ọnà báróòkù, ọnà aláràbarà ayé àtijọ́ ní Yúróòpù, gbòde," ni Bogna wí fún àwọn àlejò tó ń mú káàkiri, bí wọ́n ṣe gbójú sókè wo àwọn áńgẹ́lì oníwúrà tí wọ́n yà sára àjà. "Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ààfin náà ṣófo. Kò sẹ́ni tó gbé inú rẹ̀ mọ́, títí onílé tuntun fi rà á, tó sọ ọ́ di mùsíọ́mù àti òtẹ́ẹ̀lì."

"Kò ṣófo, ọmọ mi."

Ìyá arúgbó kan ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó di ìkòkò òdòdó kan mọ́ àyà.

"Àwa la gbé ibí. Ilé àwọn aláìlera tí kò lẹ́ni ni ìjọba fi ṣe. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí ni bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi wà. Tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ. Mo gba iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ nísàlẹ̀, kí n lè máa rí i."

Àwọn àlejò wolẹ̀. Bogna rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kó àwọn àlejò lọ sí yàrá kejì. Nígbà tó padà, ìyá náà ṣì wà níbẹ̀.

Genowefa lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti ilé náà pa lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, wọ́n kó òun àtàwọn tó ṣẹ́ kù la ilẹ̀ Póláǹdì kọjá lọ sí ìlú kan létí òkun. Lẹ́yìn náà ni ìbàdí rẹ̀ kán, kò sì lè rìnrìn àjò mọ́ títí di ọdún yìí. Ọjọ́ ìrántí àwọn òkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì fẹ́ tún sàréè ọkọ rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́yìn ààfin yìí la sin ín sí, òun àtàwọn mìíràn tó kú níbí. Àgọ́ funfun ńlá kan ni mo bá níbẹ̀."

Bogna mọ àgọ́ náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Ó mọ̀ pé katakata ni wọ́n fi tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ kí wọ́n tó gbin koríko, àti pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó àwọn àgbélébùú irin orí sàréè lọ. Kò sẹ́ni tó hú òkú kankan.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Mò ń bọ̀."

Ó lọ bá Ziemowit, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ròyìn ọ̀rọ̀ ìyá náà fún un.

"Fún wọn ní tíì àti kéèkì," ni Ziemowit wí, láìgbójú sókè. "Kó o wá rọra sìn wọ́n dé géètì. Ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó lónìí ti fẹ́ dé."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ṣebí ìwọ lò ń sọ ìtàn níbí?"

Bogna gbé tíì lọ. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ti ń sọ pé wọ́n ti kó gbogbo òkú náà lọ sí itẹ́ òkú ìlú, pé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni, pé àlùfáà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó fi ti àlùfáà kún un.

Genowefa di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ. Àyà mi ti ń já tẹ́lẹ̀." Ó fi kéèkì náà sínú nílọ́ọ̀nù, ó ní òun á jẹ ẹ́ lọ́nà, ó sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí fóònù ààfin dún, Bogna ló sì gbé e. Wọ́n ti ń jó nínú àgọ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú ìlú ló pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá kan wà lọ́dọ̀ mi. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń ka orúkọ ara sàréè kiri. Mo ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ẹni ààfin ló júwe ibí fáwọn. Mo sì fẹ́ ti géètì. Apá ibo lẹ kó àwọn òkú yẹn sí?"

Bogna yíjú sí àgọ́ náà lójú fèrèsé.

"Ẹ ń gbọ́ mi? Mo ní apá ibo?"

Lẹ́yìn ọkùnrin náà, ó gbọ́ ohùn Genowefa. "Ẹ má jágbe mọ́ ọn o. Ọmọ dáadáa ni."