Òróró Ṣáwá

Kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó já kúrò láàárín èrò ọjà Boundary, ètè Pamílẹ́rìn ti wú bí àkàrà, ọ̀fun rẹ̀ sì ń dún fíì-fíì. Ọmọ́lẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbá a mọ́ àyà. Ẹran díndín ni Pamílẹ́rìn jẹ. Ohun tí Ọmọ́lẹ́yẹ nìkan mọ̀ ni pé òróró tí òun fi dín ẹja ṣáwá lánàá lòun fi dín ẹran náà, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìlara náà ti pẹ́ nílẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wí pé ara Pamílẹ́rìn kì í gba ẹja. Bí gbogbo ilé bá ń jẹ ṣáwá, ẹran ni tirẹ̀, ẹran gidi tó lọ́ràá. Bàbá wọn, tó ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá, ló máa ń rà á bọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ta Ọmọ́lẹ́yẹ lára bí ata. Ara wo ni kì í gba ẹja? Àkẹ́jù ni wọ́n ń pè ní àìsàn. Láàárọ̀ yìí ló pinnu pé òun á dán an wò, kí irọ́ náà lè tú.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì Oghenekevwe bi í pé, "Wetin she chop? Kí ló jẹ?"

"Ẹran."

"Ẹran nìkan?"

Bó bá sọ ọ́, bàbá wọn á gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Òun wá ni ikú ilé.

"Òróró ẹja ni mo fi dín in," ló wí. "Ara rẹ̀ kì í gba ẹja. Mo mọ̀."

Nọ́ọ̀sì ò bá a wí. Ó sáré gún Pamílẹ́rìn lábẹ́rẹ́ nítan. Nígbà tí mímí rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní kì í ṣe àkẹ́jù o: ara ọmọ yìí ń bá ẹja jà bí ẹni pé olè ló wọlé, òróró rẹ̀ lásán sì tó pa á.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan, Pamílẹ́rìn ní, "Àǹtí mi, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ."

"Mò ń jowú rẹ ni. Nítorí ẹran."

Pamílẹ́rìn yíjú sí i. "Èmi náà ń jowú yín. Bàámi á ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yin àti wọn á jọ máa fọwọ́ bọ abọ́ kan, wọ́n á máa yọ eegun ẹja fún yín. Èmi á dá wà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ẹja yẹn, èmi àti ẹran mi."

Ọmọ́lẹ́yẹ rántí ìka bàbá wọn tó máa ń wá eegun nínú ẹja kó tó gbé e fún un, ní alaalẹ́. Kò kà á sí nǹkan kan rí.

Ó fẹ́ di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Òórùn ṣáwá ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó dìde, ó kọ́kọ́ lọ wá omi àti ọṣẹ.